Owó ẹnu géètì: bí mo ṣe ń ná mọ́tò lọ́wọ́ díláà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ra mọ́tò lọ́wọ́ díláà, inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó sójú kan. Mo wà á délé, mo fun fèrè, àwọn ará ilé tú jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ta táyà iwájú nípàá, ó wá bi mí pé, "Èló ni gbogbo ẹ̀?" Mo ní oṣooṣù ni mo máa máa san án, mo sì dárúkọ iye ẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo bèèrè. Èló lo ra mọ́tò yìí?" Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo ti fọwọ́ sí ìwé jàǹtìrẹrẹ, mi ò mọ iye tí mo ra ọjà.

Ó ká mi lára gan-an, torí pé èmi kì í ṣe ẹni tí ọlọ́jà ń fi ọ̀rọ̀ dídùn mú. Ìgbà tó yá ló yé mi pé ọjà tí díláà ń tà ju ẹyọ kan lọ. Mọ́tò wà níbẹ̀, owó tí wọ́n máa bá yín yá wà níbẹ̀, ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, oríṣiríṣi jàǹkárìwọ̀ tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ná gbogbo wọn pa pọ̀, wọ́n á dín in kù fún un lápá kan, wọ́n á sì gbà á padà lápá kejì. Mo ti ra méjì sí i lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ti tẹ̀ lé àbúrò mi méjì àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ ra tiwọn. Iye kan ṣoṣo ni mo máa ń ná báyìí. Èmi ni mo sọ ọ́ ní owó ẹnu géètì: iye tí mo máa san lápapọ̀ kí wọ́n tó ṣí géètì fún mi pé ó yá, máa wà á lọ. Owó mọ́tò wà nínú ẹ̀, owó orí wà nínú ẹ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ àti nọ́mbà, owó ìwé, gbogbo ẹ̀ pátá. Tí ohun kan bá tún kù tí wọ́n máa bèèrè lẹ́yìn ẹ̀, a ò tíì dé ẹnu géètì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe mú mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn mú bébà kan, ó fa ìlà kan lóròó, ó fa ọ̀kan níbùú, yàrá mẹ́rin jáde. Ó kọ owó mọ́tò sí yàrá kìíní, iye tí wọ́n máa fi gba ọkọ̀ àtijọ́ mi sí ìkejì, àsansílẹ̀ sí ìkẹta, iye tí màá máa san lóṣù sí ìkẹrin. Yàrá kẹrin yẹn ló fi bíírò yípo nígbà mẹ́ta. "Àǹtí mi, èló ni agbára yín gbé lóṣù?" Mo sọ ọ́. Àṣìṣe mi nìyẹn. Látìgbà náà, bí mo bá ní owó mọ́tò ti pọ̀ jù, á dín in kù, á sì dín iye tó fẹ́ fi gba ọkọ̀ àtijọ́ mi kù lẹ́yìn mi. Bí mo bá ní oṣooṣù wúwo, á fi oṣù kún oṣù. Bí ẹni tó ń tẹ tìmùtìmù ló rí: ẹ tẹ igun kan, igun kejì á wú. Mo rò pé mò ń ná ọjà. Ọkùnrin yẹn kàn ń ṣí owó mi láti yàrá kan sí yàrá kejì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní 20,000 lẹ yá, kí èlé ẹ̀ jẹ́ ìdá 9 nínú 100 lọ́dún. Tí ẹ bá fi oṣù 36 san án, ẹ máa san bíi 636 lóṣù. Tí ẹ bá fi oṣù 72 san án, á já sí bíi 361. Etí tó bá gbọ́ 361 lẹ́yìn 636, ara á tù ú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ dópin, ti àkọ́kọ́ ò pé 22,900, ti èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ 26,000. Mọ́tò kan náà ni o. Ẹnikẹ́ni ò dín nǹkan kan kù fún yín, ẹ tún fi bíi 3,000 kún un fúnra yín, ẹ sì tún ń dúpẹ́.

Torí náà, tí wọ́n bá ti bèèrè iye tí agbára yín gbé lóṣù, ìdáhùn tèmi ni pé: "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye tó máa gbé mọ́tò jáde. Ọ̀rọ̀ oṣooṣù ṣì ń bọ̀." Wọ́n á tún un bèèrè, ẹ tún un sọ. Mo ti sọ ọ́ nígbà márùn-ún rí lórí ìjókòó kan, tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò sídìí láti bínú, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ìdúnàádúrà tó lérè, orí àga ilé yín ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ mọ́tò tí ẹ ń wá gan-an, orúkọ ẹ̀, ọdún ẹ̀, àti ìpele ẹ̀, torí pé mọ́tò méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí ọ̀kan ní ìjókòó awọ àti kámẹ́rà ẹ̀yìn, kí èkejì má ní. Tí ẹ bá fi iye ti ọ̀kan ná èkejì, ẹ ti sọnù láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí báǹkì tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ẹ wà, kí wọ́n sọ iye èlé tí wọ́n lè fi yá yín lówó, kí ẹ gbà á ní kíkọ. Ẹ̀rí yẹn máa wúlò ní yàrá ìkẹyìn, a máa débẹ̀.

Tí ẹ bá ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ mú un lọ bá olùrà méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ díláà, kí ẹ mọ iye tó lè mú wá. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó mú un lọ o. Mi ò mọ̀dí ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dọ̀tí, bí ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn ni wọ́n máa ń wò ó.

Ẹ wá kọ̀wé sí ilé ìtajà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ímeèlì dára, WhatsApp dára, ohunkóhun tó bá ṣáà ti máa fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́tò òde òní ló ní VIN, ìyẹn nọ́mbà tirẹ̀ nìkan. Lẹ́tà àti nọ́mbà 17 ni, kò sì sí lẹ́tà I, O àti Q nínú ẹ̀ kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Tí ẹ bá dárúkọ VIN, mọ́tò kan pàtó lẹ ń ná. Wọn ò ní lè sọ iye ọ̀kan kí wọ́n mú òmíràn jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ ra mọ́tò yín tí VIN rẹ̀ nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye tí mo máa san lápapọ̀ kí n tó wà á jáde ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ to owó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: owó mọ́tò, ẹ̀dínwó tó bá wà, owó orí, owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìwé, àti ohunkóhun mìíràn. Ẹ má tíì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó tàbí ọkọ̀ àtijọ́ sí i. Mo ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn mìíràn náà. Ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ bá dára jù ni mo máa wá bá lọ́jọ́ Sátidé."

Àwọn kan ò ní dá yín lóhùn. Àwọn kan á pè yín lórí fóònù pé, "Ẹ ṣáà máa bọ̀, ẹ jẹ́ ká ríra, a máa ṣe yín dáadáa." Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n iye owó ní tirẹ̀, orí ìwé ló ń gbé. Ẹ dá a lóhùn pé tó bá ti kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ ń bọ̀. Ẹ sì bèèrè ọjọ́ tí iye náà máa fìdí múlẹ̀ dé, kí wọ́n má sọ fún yín ní Sátidé pé ti Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí èsì bá dé, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo fẹ́ ra mọ́tò mi kẹta, ilé ìtajà mẹ́rin ló dá mi lóhùn. Èyí tí owó mọ́tò tirẹ̀ kéré jù nínú wọn, òun ló gba ipò kẹta nígbà tí a dé àpapọ̀! Mo tẹ bébà ẹ̀ jáde, mo gbé e sórí tábìlì, mo mú bíírò pupa. Lábẹ́ owó mọ́tò, mo rí ìlà mẹ́fà: owó orí, owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìwé, owó ìmúra ọkọ̀, owó ìdáàbòbò ọ̀dà, àti owó nàítírójìn inú táyà.

Méjì àkọ́kọ́, ti ìjọba ni. Díláà kàn ń bá yín san án ni, ẹ má fi àsìkò ṣòfò lé e lórí. Kí ẹ ṣáà rí i pé iye tí ìjọba ń gbà gan-an ni wọ́n kọ. Mẹ́rin tó kù, tiwọn ni. Owó ìmúra ọkọ̀ ni pé wọ́n fọ ọkọ̀, wọ́n tú ọ̀rá ara ẹ̀, wọ́n wo epo àti omi ẹ̀. Èwo ló kàn mí níbẹ̀? Ṣé wọ́n fẹ́ ta á pẹ̀lú ọ̀rá lára ni? Ìdáàbòbò ọ̀dà ni nǹkan tí wọ́n fi pa á lára kó máa dán, èyí tí èmi náà lè rà kí n fi pa á fúnra mi. Ti nàítírójìn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nínú atẹ́gùn tí gbogbo wa ń mí símú lọ́fẹ̀ẹ́, nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 ló jẹ́ nàítírójìn. Mo kọ̀wé padà pé kí wọ́n tú tiwọn jáde, kí wọ́n fẹ́ ti Ọlọ́run sí i.

Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n yọ ti ọ̀dà náà. Nígbà tí a dé orí owó ìwé, ọ̀gá wọn ní iye kan náà ni gbogbo ènìyàn ń san, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, kò ṣeé yọ. Ẹ má bá wọn jà lórí irú èyí, torí pé òótọ́ ni nígbà mìíràn. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ó dáa, ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ wá yọ iye yẹn kúrò lára owó mọ́tò." Kò sẹ́ni tó sọ pé owó mọ́tò kò ṣeé yọ. Àǹfààní kí èèyàn máa ná àpapọ̀ nìyẹn: orúkọ tí wọ́n bá sọ owó kò já mọ́ nǹkan kan fún yín.

Tó bá jẹ́ mọ́tò tuntun, ẹ lè rí owó ìfiránṣẹ́, ìyẹn gbígbé ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá sọ́dọ̀ díláà. Òun kì í sábà ṣeé yọ. Ẹ kàn rí i pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ọ́, nígbà kan ní orúkọ yìí, nígbà kejì ní orúkọ mìíràn.

Iye wo ló tọ́?

Ó yẹ kí díláà jèrè. Ẹni tó ń wá ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tètè mú. Èmi máa ń wo àwọn èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí mẹ́ta bá sún mọ́ra wọn, ibẹ̀ ni ọjà wà. Màá mú èyí tó kéré jù, màá fi han ẹni tí mo fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an, bóyá torí pé ó sún mọ́ mi tàbí ó sọ̀rọ̀ sí mi dáadáa, màá ní, "Tí ẹ bá lè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí èyí, mo ń bọ̀ lónìí, mi ò lọ síbòmíràn mọ́." Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń sọ ọ́. Tí wọ́n bá ṣe é, mo máa ń lọ lóòótọ́. Ẹni tó bá gbà tán tó tún ń bèèrè, wọ́n á máa fi ojú sí i lára ní yàrá ìkẹyìn.

Tí ọ̀kan bá jìnnà sí ìsàlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ẹ bẹ̀rù. Yálà ohun kan ti kù tí wọn ò kọ, tàbí mọ́tò ọ̀hún ti ní jàǹbá tàbí mu omi rí. Mọ́tò tí gbogbo ayé sì ń tò fún, ẹ má retí ẹ̀dínwó. Kí wọ́n tà á ní iye tó wà lára ẹ̀ láìfi jàǹkárìwọ̀ kan kún un, ẹ̀yin lẹ jàre.

Àsìkò náà ní agbára tirẹ̀. Àwọn tó ń tà sábà máa ń ní iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà kí oṣù tó parí, torí náà ọjọ́ mẹ́ta ìgbẹ̀yìn oṣù yàtọ̀ sí ọjọ́ kẹta oṣù. Mọ́tò tó ti pẹ́ nílẹ̀ sì ń jẹ wọ́n lówó, torí pé ọ̀pọ̀ díláà ló yá owó tí wọ́n fi kó ọjà, èlé ń gorí èlé bó ṣe dúró síbẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ti pẹ́? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara férémù ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní sítíkà tí oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é wà lára ẹ̀. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́mbà mẹ́rin kan máa ń wà ní ìparí àmì DOT: 2323 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2023 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Lára mọ́tò àlòkù kan tí àbúrò mi fẹ́ rà, táyà mẹ́ta jẹ́ ọdún kan náà pẹ̀lú mọ́tò, ìkẹrin fi ọdún mẹ́rin kéré. A béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀ yẹn, ojú ọkùnrin yẹn yí padà. Mẹkáníìkì tí a mú dání gbé e sókè, ó ní wọ́n ti tún apá yẹn ṣe. A fi iye táyà mẹ́ta àti iye iṣẹ́ tó kù níbẹ̀ yọ kúrò lórí àpapọ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdí ẹ̀. Fún àlòkù, ẹ má lọ láìmú mẹkáníìkì dání láéláé.

Lórí ìjókòó

Ẹni tó ń tà fún yín á dìde, á ní òun fẹ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ máníjà. Á pẹ́ kó tó dé. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù àná. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìdúró yẹn ń rẹ èèyàn, ẹni tó rẹ̀ sì ń gbà. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, ẹ má mú ọmọ kékeré dání, ẹ má lọ lọ́jọ́ tí mọ́tò tí ẹ ní ti kú pátápátá. Tó bá padà dé pẹ̀lú iye tuntun, ẹ wò ó, kí ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ máa ń nira fún wa, ẹnu wa á fẹ́ sọ pé "ó dáa, ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì." Ẹ jẹ́ kí òun sọ ìyẹn.

Ẹ má tètè sọ pé owó wà lọ́wọ́ yín gééré. Ọ̀pọ̀ díláà ló ń jèrè lórí owó tí wọ́n bá bá yín yá. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé èrè yẹn ò sí, ọwọ́ wọn á le lórí mọ́tò. Ìgbà tí owó ẹnu géètì bá ti wà ní kíkọ ni kí ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ san án. Ìgbà yẹn náà ni kí ẹ mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ jáde, pẹ̀lú iye tí àwọn olùrà ìta ti sọ. Ẹ béèrè nípa owó orí níbẹ̀: ní àwọn ibì kan, tí ẹ bá fi ọkọ̀ àtijọ́ san lára owó, orí iye tó kù ni wọ́n ti ń ka owó orí, ìyẹn sì lè mú kí iye díláà dára ju ti ìta lọ.

Yàrá ìkẹyìn

Gbogbo ènìyàn ti bọ ara yín lọ́wọ́, ẹ rò pé ó ti tán. Wọ́n á mú yín wọ yàrá kékeré kan, ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti ìdìpọ̀ ìwé. Ibí ni wọ́n ti gbà jù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wárántì àfikún, ìbánigbófò orí gbèsè, ìdáàbòbò táyà, gbogbo ẹ̀ ló ń sọ ọ́ ní "díẹ̀ lóṣù." Ẹ bi í pé, "Àpapọ̀ ẹ̀ ńkọ́?" Àwọn kan wúlò, mi ò sọ pé kí ẹ kọ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ẹ ò lè lọ rò nílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣeé ná bí mọ́tò fúnra ẹ̀.

Ibí náà lẹ ti máa yọ ìwé báǹkì yín. Báǹkì tó fẹ́ yá yín lówó nípasẹ̀ díláà lè ní ìdá 7 nínú 100 ni èlé ẹ̀, kí díláà sọ ọ́ di 9 fún yín kó lè mú tirẹ̀ níbẹ̀. Lórí 20,000 tí ẹ máa fi oṣù 60 san, ìyàtọ̀ méjì yẹn lé ní 1,100. Ẹ fi ìwé yín hàn án, kí ẹ ní tó bá lè dín in kù sí èyí, òun lẹ máa bá lọ. Ẹ sì bèèrè bóyá ẹ lè tètè san gbèsè náà tán láìsan owó ìtanràn.

Ẹ gbé ìwé àdéhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí yín, ẹ fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin yẹn á máa sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ti ọ̀rẹ́ mi, ìdáàbòbò táyà tó ti kọ̀ tún yọjú lójú ewé kẹta. Wọ́n ní àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀yáwó ò bá tíì jáde tán, ẹ má gbé mọ́tò lọ sílé, kí wọ́n má baà pè yín padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé èlé ti yí padà. Ẹ má sì fọkàn sí i pé ẹ lè dá a padà bó bá wù yín. Níbi púpọ̀, bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i tán, tiyín ni.

Ohun tó kù ni àwọn ìlérí ẹnu. Táyà àfikún, rọ́gì inú ọkọ̀, ojú ibi tó họ tí wọ́n ní àwọn máa bá yín kùn, kọ́kọ́rọ́ kejì: ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò òde òní, owó gidi ni. Ti mọ́tò mi kejì, wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo lo mọ́tò yẹn fún ọdún mẹ́fà, mo tà á, kọ́kọ́rọ́ kejì ò tíì dé.